Òkìtì Ọ̀tún, Òkìtì Òsì

Ohun tí Ìyá Àgbà rí nínú ìdọ̀tí tó gbá jọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Rọ́bà ni. Rọ́bà dúdú tín-ín-rín, gígùn, tó ká kò. Ẹlòmíràn ì bá ti kó o dànù, kó lọ wá oúnjẹ àárọ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lásán ni àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Ìdí-Ọ̀rọ̀. Obìnrin tó lè dá ẹni tó ń sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́ dúró kó bi í pé kí ló jẹ lánàá, ṣé ìyẹn ló máa rí rọ́bà kó má béèrè ibi tó ti wá? Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fà á, ó gbé e sí imú. Ó ń rùn bí ohun tí iná ti kàn.

"Ta ló ń bó táyà bí ẹní bó ọsàn nínú ilé yìí?" ló bi ara rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ni onítáyà. Etí títì ni ilé wọn wà: yàrá méjì àti pálọ̀ lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù níwájú, ẹ̀rọ afátẹ́gùn-sí-táyà lábẹ́ páànù, àti òkìtì táyà àlòkù méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan lápá òsì. Ìyàwó rẹ̀ a máa ránṣọ ní pálọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún méjìdínlógún, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé ń pè é láti ìgbà tó ti ń di àkísà mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ tó ń tiro. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sì ti gbà á lóòótọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ yẹn gan-an ló gbéra, ó wọ bọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ yìí, ilé kẹta sí tiwọn ló ń gbé. Òun ni awakọ̀ tí gbogbo òbí àdúgbò ń fi ọmọ wọn lé lọ́wọ́. Kì í mutí, kì í sáré, kì í gbé fóònù nígbà tó bá ń wakọ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí àkọ́bí àwọn, wọ́n pè é títí ó fi sú wọn, ìgbà tó páàkì ló tó mọ̀ pé òun ti di bàbá.

Nígbà tí Ìyá Àgbà wọ pálọ̀, aago mẹ́jọ ti lù. Onítáyà ti jókòó ti búrẹ́dì àti tíì. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé ẹyin díndín kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ẹyin mẹ́rin ló dín. Ìgbà tó gbé ìkẹrin sórí àwo ló tó rántí pé àwọn mẹ́ta péré ló kù nílé. Ó wo ẹyin náà, ó fi àwo dé e.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ọmọ rẹ̀ lójú, "kí nìyí?"

Onítáyà wò ó. "Rọ́bà ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé rọ́bà ni. Ara kí ló ti já?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jẹun."

"Ṣé mo di ẹnu rẹ ni? Máa jẹ, kí o máa dáhùn."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ tètè dá Màmá lóhùn. Ẹ mọ̀ pé wọn ò ní í dìde níbẹ̀."

Ìyá Àgbà fa àpótí, ó jókòó. "Ó dáa, jẹ́ n bi ọ́ ní òmíràn. Lánàá tí o lọ bá wọn tún táyà ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, èmi àti Nọ́ọ̀sì ka ọjọ́ orí gbogbo táyà tó wà níta."

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí táyà yìí, onítáyà fúnra rẹ̀ ló fi kó bá ara rẹ̀. Òun ló sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ìyá Àgbà kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó ti fi ọgbọ̀n ọdún wọn aṣọ tà, kò sí nọ́ńbà tó lè sá mọ́ ọn lójú. Láti ọjọ́ náà, kò rí mọ́tò tó dúró kó má bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò tó ìyá yìí.

"Ọ̀kan wà lápá òsì," ló ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjìlá. Nọ́ọ̀sì ní ọdún tí òun wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an ni. A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Àmọ́ ojú táyà náà ń dán, ilà rẹ̀ jìn kanlẹ̀. Mo wá ní, báwo ni arúgbó ṣe hu eyín ọmọdé?"

Onítáyà ń jẹ búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹnì kankan mọ́.

"Omi ti dúró sábẹ́ wọn, ẹ̀fọn ti ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "La bá kó gbogbo rẹ̀ kúrò, a gbá ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí à ń kó wọn padà, a ò rántí èyí tó wà níbi kan. Ti òsì bọ́ sọ́tùn-ún, ti ọ̀tún bọ́ sósì. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, táyà ò ṣáà ní yàrá tirẹ̀."

Búrẹ́dì dúró lẹ́nu onítáyà. Ó gbé ife tíì kalẹ̀, ó dìde, ó jáde. Wọ́n gbọ́ tó ń yí táyà gbirigbiri níta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìyàwó wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, kí lẹ wí fún un?" Ìyá Àgbà ní òun náà fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí onítáyà padà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ ti funfun.

"Ta ló ta táyà lánàá?"

"Èmi ni," ni ìyàwó wí. "Jẹ́jẹ́ wá nírọ̀lẹ́. Ó ní ti ẹsẹ̀ iwájú òun ti ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ò lè fi gbé ọmọ ọlọ́mọ rìn. Mo ní ẹ ò sí nílé, ó ní òun á fọwọ́ ara òun wọ̀ ọ́. Ọ̀tún ni mo ti mú un fún un. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí a mọ̀, òkìtì ọ̀tún. Ẹni tó ń kọjá lọ, òkìtì òsì. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí ni."

Onítáyà jókòó sórí apá àga. Àga náà yẹ̀ díẹ̀, kò mọ̀.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjìlá," ló wí. "Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì rọra sọ ọ́. "Kí ni ìyàtọ̀ òkìtì méjèèjì, ọmọ mi?"

"Ti òsì ti pá, Màmá. Ojú wọn ti jẹ tán. Mo máa ń fi ọ̀bẹ gbígbóná gé ilà tuntun sí i, kó lè dà bí ẹni pé ó ṣì lágbára. Gbogbo wa là ń ṣe é."

"Ta ni gbogbo yín?"

"Àwa onítáyà. Kì í ṣe èmi nìkan."

"Tí o bá gé e báyìí, kí ló kù nísàlẹ̀?"

"Awọ pẹ́lẹ́bẹ́. Wáyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú."

"Tó bá wá gbóná lójú ọ̀nà ńkọ́?"

Ìyàwó ti di orí mú. "Yéè! Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ yẹn! Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀ pé ó lè pààyàn, ẹ ń tà á?"

"Ta ló ní kí wọ́n fọwọ́ kan òkìtì mi?" Onítáyà pariwo. "Mo ti tò ó, kálukú ní àyè rẹ̀! Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe é, kò dé bá ará ilé kankan rí!"

"Ẹ má di ẹ̀bi ru Màmá o!"

"Èmi ò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni! Ìwọ tí o ń ké yẹn, ọdún mẹ́jọ lo fi ń mú ọ̀tún fún ará ilé, o ń mú òsì fún àlejò. Ṣé o bi mí rí pé kí ló dé?"

Ìyàwó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Mi ò béèrè," ló wí níkẹyìn. "Mo rò pé... mi ò kàn béèrè."

Ìyá Àgbà mi orí. "Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Kò sọ ẹni tó ń bá wí.

Onítáyà ti gbé fóònù. Ó pe Jẹ́jẹ́. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún un pè. Bí ayé ṣe rí nìyẹn: ìwà tí gbogbo wọn fi ń yin ọkùnrin náà ló wá sọ ara rẹ̀ di ògiri sí wọn níwájú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyàwó ní kí wọ́n pe Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Wọ́n pè é. Fóònù Nọ́ọ̀sì dún nínú yàrá, lórí ìrọ̀rí, níbi tó ti ń jẹ iná láti alẹ́ àná. Ìyàwó figbe ta.

Ọ̀nà yẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wákàtí mẹ́ta ọ̀nà tẹ́jú, lẹ́yìn náà ibi ìsinmi tí wọ́n ti ń tọ̀ tí wọ́n sì ń mu tíì, lẹ́yìn ibi ìsinmi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, tó ń yí sọ́tùn-ún tó ń yí sósì, àfonífojì sì la ẹnu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni Jẹ́jẹ́ máa ń dé ibi ìsinmi. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń lò níbẹ̀, kò jẹ́ fi kún un. Aago mẹ́jọ àbọ̀ ti kọjá báyìí.

"Akọ̀wé ibùdókọ̀ mọ nọ́ńbà oníṣòwò tíì ibẹ̀," ni onítáyà wí. Ó jáde síta, torí ìdí ẹ̀rọ afátẹ́gùn ni fóònù ti máa ń gbọ́ran dáadáa. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e, ìyàwó tẹ̀ lé ìyá. Àwọn oníbàárà méjì ti wà níbẹ̀, wọ́n dúró ti mọ́tò wọn. Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wọn tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù kó tó gbọ́ ọ, ti gbé igbá búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní igbe kan ni òun gbọ́.

"Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́," ni onítáyà wí sínú fóònù, "ẹ bá mi ní kí wọ́n dá Jẹ́jẹ́ dúró níbi ìsinmi. Ọmọ mi... ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé."

Ohùn akọ̀wé jáde ketekete, gbogbo wọn gbọ́ ọ. "Fóònù? Ọ̀gá, ẹ forí jì mí o. Lánàá bàtà ni wọ́n gbàgbé, níjẹta ìkòkò. Tí mo bá ń fi gbogbo èyí dá ọkọ̀ dúró, wọn ò ní í dé ibi tí wọ́n ń lọ láyé. Ẹ fún Jẹ́jẹ́ tó bá dé lọ́la, ó máa bá yín mú un lọ."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ —"

"Èrò wà níwájú mi, ó dàbọ̀."

"Sọ ohun tó jẹ́ fún un," ni Ìyá Àgbà wí.

Onítáyà wo ìyá rẹ̀. Ó wo àwọn oníbàárà méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn, ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà yìí náà ló ti ra táyà, lọ́jọ́ tó jẹ́ pé wọn ò tíì mọ̀ ọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ má pa fóònù! Táyà ẹsẹ̀ iwájú Jẹ́jẹ́ kò dára. Ó máa bẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó ti pá. Èmi ni mo fọ̀bẹ gé ilà sí i lójú. Èmi ni mo gé e, ọ̀gá. Ẹ bá mi pè wọ́n."

Akọ̀wé ní, "Mo ń pè wọ́n báyìí," ó sì pa fóònù. Oníbàárà tó ra táyà lóṣù méjì sẹ́yìn gbé ọwọ́ kúrò lára mọ́tò rẹ̀, ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ojú táyà náà, ó rọra ń tọ̀ ọ́ yíká.

"Wọ́n ní tí èèyàn bá sọ òkò sọ́jà..." ni Oníbúrẹ́dì wí. Ó wo ìyàwó onítáyà lójú, kò parí rẹ̀. Ó gbé igbá rẹ̀ rù.

Ẹ̀yin ìyá tó ti dúró de ìròyìn ọmọ rí, ẹ mọ̀ bí ìdajì wákàtí ṣe ń gùn. Ìyàwó padà sídìí ẹ̀rọ, ó ń fẹsẹ̀ wà á, kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́. Onítáyà dúró níta, fóònù lọ́wọ́, ó ń rìn láti òkìtì kan dé èkejì. Ìyá Àgbà lọ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó wá ọ̀bẹ náà kàn. Ọ̀bẹ kékeré ni, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, iná ti sọ ọ́ di dúdú. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn, ìbẹ̀rù kò lè pa ìbéèrè lẹ́nu rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje ni fóònù dún. Nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ ni. Onítáyà ò lè gbé e. Ìyá rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Màmá Àgbà?" Ohùn Nọ́ọ̀sì ni. Ìyàwó sáré jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan. "Màmá Àgbà, kí ló ṣẹlẹ̀? Fóònù oníṣòwò tíì nìyí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀."

"Ṣé o wà nílẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ wà nílẹ̀?"

"Mo wà nílẹ̀, Màmá."

"Lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. Bá mi ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà."

Wọ́n gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ní, "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n —"

"Méjìlá," ni Ìyá Àgbà parí rẹ̀ fún un.

"Háà! Èyí tí mo fọwọ́ ara mi gbé lánàá ni! Màmá Àgbà, ó ti wú o. Ó yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tó ẹyin adìẹ."

Ohùn Jẹ́jẹ́ ló tẹ̀ lé e. "Ìyá, ẹ kú àárọ̀. Mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi láti bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ní ọ̀nà ni kò dáa, mo ní tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tán màá wò ó." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti ń tú u. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé mò ń bọ̀ lọ́la."

Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó bú sẹ́kún, ó ń sunkún ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tíì tí kò mọ̀ rí. Ayọ̀ náà gba Ìyá Àgbà náà lára, ó ní láti di òpó páànù mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dúró dáadáa tán, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mélòó lo ti tà nínú ti òsì?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n sinmi ná."

"Máa sinmi, kí o máa dáhùn."

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ta ló ń ka ìyẹn?"

"Ọmọ tiwa, a rí akọ̀wé pè. Àwọn tó kù yẹn, ta ni a máa pè fún wọn?"

Onítáyà wolẹ̀. Àwọn oníbàárà méjèèjì ti lọ. Kò rí ìgbà tí wọ́n lọ.

Títí ọ̀sán kò sí ẹni tó jẹ ẹyin kẹrin. Onítáyà jókòó síwájú òkìtì méjèèjì, kò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ẹnikẹ́ni, kò lé ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ ẹni tó bá dé, tó bá wo ojú rẹ̀, á tún máa lọ ni. Ìyá Àgbà fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó fẹ́ mọ ohun tó máa ṣe. Kò bi í, ẹ̀yin náà ẹ wá wo ọjọ́ tí Ìyá Ìdí-Ọ̀rọ̀ kò béèrè.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mọ́tò kan wọ́ dé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti tẹ́ pátápátá. Ọkùnrin tó wà á sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu òógùn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú. Lẹ́yìn, ọmọ mẹ́ta ti sùn lé ara wọn lórí, ẹnu àbíkẹ́yìn là sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Táyà ni mò ń wá, ọ̀nà wa ṣì jìn." Ó tọ́ka sí òkìtì tó wà lọ́tùn-ún, èyí tó jẹ́ ti òsì tẹ́lẹ̀. "Ti òkè yẹn dáa. Ojú rẹ̀ ń dán bíi tuntun."

"Ìyẹn kọ́," ni onítáyà wí.

"Ti ta ni?"

Ojú onítáyà ti lọ sára àwọn ọmọ tó ń sùn. Ọkùnrin náà wá yíjú sí ìyá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ti ta ni ìyẹn?"

"Ti àlejò ni," ni Ìyá Àgbà wí.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ó bọ́ sí i nígbà náà! Àlejò ni mí, Màmá. Mi ò mọ ẹnì kankan ní gbogbo ibí yìí."

Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró nínú pálọ̀. Onítáyà dìde, ó wọ kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó mú ọ̀bẹ kọdọrọ náà bọ̀. Ó gún táyà òkè yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fà á ya dé ìdajì. Ó jù ú sílẹ̀, ó mú èkejì, ó gún un. Ó mú ẹ̀kẹta. Òógùn ń kán sílẹ̀ láti imú rẹ̀, àbí omijé ni, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn wò. Àlejò náà ti fẹsẹ̀ sẹ́yìn dé ara mọ́tò rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn dí fèrèsé àwọn ọmọ rẹ̀.

"Màmá," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ṣé orí ẹni yìí pé báyìí?"

"Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Fara balẹ̀. Tó bá ṣe tán, ó máa fún ọ ní èyí tó dára láti òkìtì kejì."

Ó ti gbójú kúrò lára àwọn méjèèjì. Títì ló ń wò, níbi tí ọkọ̀ ti ń kọjá lọ ní ìgbà ìrọ̀lẹ́, àwọn tí kò mọ̀ àti àwọn tí kò ní í mọ̀ láé, ó sì ń wo ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.